Tírélà Àlejò Nínú Ọjà Onílé

Èrò tó wọkọ̀ láti Ìbàdàn lọ sí Èkó lónìí, bó pẹ́ bó yá, yóò tún wọkọ̀ padà sílé. Ẹrù kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Símẹ́ǹtì tó bá ti kúrò ní Ọbajana, tó sì dé ibi tí wọ́n fẹ́ fi kọ́lé, ó lọ nìyẹn. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé àtibọ̀ ló ń dun onítírélà ju àtilọ lọ. Wọ́n ti sanwó àtilọ fún un. Nígbà àtibọ̀, ọkọ̀ yóò ṣì mu dísẹ́ẹ̀lì, táyà yóò ṣì máa jẹ, dẹ́rẹ́bà àti mọ́tò bọ́ì yóò ṣì jẹun lójú ọ̀nà, bẹ́ẹ̀ kò sí ẹni tí yóò san kọ́bọ̀ bí ọkọ̀ bá ń bọ̀ lófìfo. Onítírélà tó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í dá owó lé ẹrù àtilọ láì kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ pé kí ni òun yóò rí gbé bọ̀.

Níwọ̀n ìgbà tí ọkọ̀ àti ẹrù bá ti jẹ́ ti orílẹ̀-èdè kan náà, ọ̀rọ̀ ẹ́jẹ́ǹtì àti gáréèjì lásán ni. Dẹ́rẹ́bà yóò páàkì, yóò fi nọ́ńbà fóònù rẹ̀ sílẹ̀, yóò máa retí. Ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ bá ti kọjá ẹnubodè, òfin ti dá sí i. Bó bá kó ẹrù láti ìlú rẹ̀ lọ sí ilẹ̀ onílẹ̀, kò sí ẹni tí yóò bá a jà. Bó bá sì rí ẹrù tó ń bọ̀ wá sí ìlú tirẹ̀, ìyẹn náà kò ní wàhálà púpọ̀. Àmọ́ bó bá já ẹrù rẹ̀ sílẹ̀ tán, tó wá gbé ẹrù mìíràn láti ìlú kan sí ìlú kejì nínú ilẹ̀ tó jẹ́ àlejò sí yẹn, iṣẹ́ onílé ló ń ṣe. Cabotage ni wọ́n ń pè é. Orúkọ náà kò ṣàjèjì sí àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní èbúté Èkó, nítorí òfin tí Nàìjíríà ṣe lọ́dún 2003 pé ọkọ̀ ojú omi tó jẹ́ ti ọmọ Nàìjíríà ni kó máa kó ẹrù láti èbúté wa kan sí òmíràn. Ti orí ilẹ̀ ni mo fẹ́ sọ níbí, Yúróòpù ni mo sì fẹ́ wò jù, nítorí mi ò mọ ibòmíràn tí wọ́n ti ṣí ọjà yìí tó bẹ́ẹ̀, tí wọ́n sì tún jà lé e lórí tó bẹ́ẹ̀.

Kí ló dé tí ìjọba fi máa ń dí i? Onítírélà tó ń gbé Jámánì ń san owó orí ní Jámánì, ó sì ń san owó oṣù àti owó ìfẹ̀yìntì awakọ̀ rẹ̀ bí wọ́n ti ń san án ní Jámánì. Ẹni tó ti Póláńdì wá ń san ti Póláńdì. Ọ̀nà kan náà ni wọ́n ń tọ̀, irú ẹrù kan náà ni wọ́n ń gbé, ṣùgbọ́n ìnáwó wọn kò dọ́gba. Bó bá jẹ́ bàtà ni tàbí ẹ̀rọ, èèyàn lè ní kí ẹni tó bá lè ṣe é ní ẹ̀dínwó máa ṣe é nílùú rẹ̀, kó kó o wá tà. Ti ìkẹ́rù yàtọ̀. Òṣìṣẹ́ fúnra rẹ̀ ló wá bá onílé nílé, tó ń ṣe iṣẹ́ onílé ní ojú onílé, tó sì ń gba owó ìlú tó ti wá. Níbi tí owó oṣù bá ti jìnnà síra wọn ni ìjà ti máa ń le; níbi tí kò bá ti jìnnà, kò sẹ́ni tó ń ka tírélà àlejò kún.

Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá dí i pátápátá náà, ọkọ̀ òfìfo yóò kún ọ̀nà. Títí dòní olónìí, nínú kìlómítà 5 tí àwọn tírélà Yúróòpù ń rìn, nǹkan bíi 1 ni wọ́n ń rìn láìsí ẹrù lẹ́yìn. Èéfín ń jáde, ọ̀nà ń bàjẹ́, kò sí nǹkan kan tó débì kan. Gbogbo òfin tí mo fẹ́ sọ níwájú, àárín ohun méjì yìí ni wọ́n ti ń fì síhìn-ín fì sọ́hùn-ún: kí ọkọ̀ má rìn lófìfo, kí iṣẹ́ onílé má sì bọ́ lọ́wọ́ onílé.

Láti ọdún 1957 tí wọ́n ti fọwọ́ sí àdéhùn Róòmù ni àwọn orílẹ̀-èdè ẹgbẹ́ tó di Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù lónìí ti ṣèlérí pé àwọn yóò ní ìlànà kan ṣoṣo lórí ọ̀rọ̀ ìrìnnà. Ìlérí ló jẹ́ fún ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n. Ìjọba kọ̀ọ̀kan fẹ́ràn onítírélà tirẹ̀. Ní Jámánì, òfin ló ń sọ iye tí wọ́n ó gbà fún ẹrù, wọn kò sì pa òfin yẹn rẹ́ títí di ọdún 1994. Ilé aṣòfin Yúróòpù ló pàpà gbé ìgbìmọ̀ àwọn mínísítà lọ sílé ẹjọ́ ẹgbẹ́ náà, pé wọ́n jókòó tẹtẹrẹ sórí iṣẹ́ tí wọ́n gbà. Lóṣù Karùn-ún 1985, ilé ẹjọ́ ní òótọ́ ni, wọ́n jẹ̀bi.

Nígbà tí wọ́n wá dìde, ìṣísẹ̀ jẹ́jẹ́ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Láti oṣù Keje 1990, wọ́n pín ìwé àṣẹ 15,000 láàárín gbogbo orílẹ̀-èdè tó wà nínú ẹgbẹ́ nígbà náà, oṣù 2 péré ni ọ̀kọ̀ọ̀kan sì wúlò fún. Ẹni tí kò ní ìwé yẹn lọ́wọ́ kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ẹrù onílé. Ní 1994 ìwé náà di 30,000, òfin sì ní kó máa fi ìdá 30 nínú 100 lé sí i lọ́dọọdún. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Keje 1998, wọ́n kó ìwé àṣẹ dànù, wọ́n ṣílẹ̀kùn. Àlejò lè ṣiṣẹ́ onílé báyìí, ìyẹn fún ìgbà díẹ̀.

Ìgbà díẹ̀ wo? Òfin kò sọ. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í dojú rú, torí ohun tó jẹ́ ìgbà díẹ̀ lójú Faransé kì í ṣe òun ló jẹ́ ìgbà díẹ̀ lójú Ítálì, dẹ́rẹ́bà ló sì wà láàárín tí ọlọ́pàá ń dá dúró. Iye ìwé àṣẹ tí wọ́n ń kà tẹ́lẹ̀ kò dára tó, mo gbà, ṣùgbọ́n ó ṣeé kà. Ohun tí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀ kò ṣeé kà rárá. Kí wọ́n tó rí i tún ṣe, ẹgbẹ́ náà ti gbòòrò: ní 2004 orílẹ̀-èdè mẹ́wàá wọlé lẹ́ẹ̀kan, Póláńdì àti Lithuania wà nínú wọn. Wọ́n sé cabotage mọ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn fún ohun tó lè tó ọdún 5 kí wọ́n tó jẹ́ kí wọ́n wọ ọjà. Bí àsìkò yẹn ṣe ń parí lọ ni wọ́n wá kọ òfin tuntun, èyí tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lóṣù Karùn-ún 2010, tó sì wà títí di ìsinsìnyí: ẹrù 3 láàárín ọjọ́ 7.

Ẹ jẹ́ ká tẹ̀ lé ọkọ̀ kan. Ó kó àga àti tábìlì láti Poznań ní Póláńdì, ó já wọn sílẹ̀ ní Lyon ní Faransé lọ́jọ́ Ajé kan, láago mẹ́wàá àárọ̀. Ó gbọ́dọ̀ já gbogbo rẹ̀ tán; bí àga kan bá ṣì kù nínú ọkọ̀ tó jẹ́ ti oníbàárà mìíràn, ẹ̀tọ́ kò tíì bẹ̀rẹ̀. Láti ọ̀gànjọ́ òru ọjọ́ Ajé ni wọ́n ti ń ka ọjọ́ 7. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun ó gbé ẹrù kan láti Lyon lọ sí Marseille. Lọ́jọ́bọ̀ ó gbé òmíràn láti Marseille lọ sí Toulouse. Láti alẹ́ Sátidé di alẹ́ Sọ́ńdè, Faransé kì í jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ńlá rìn, nítorí náà ó páàkì. Lọ́jọ́ Ajé kejì ó gbé ẹ̀kẹta láti Toulouse lọ sí Bordeaux, ó sì gbọ́dọ̀ já a kí aago méjìlá òru tó lù. Iṣẹ́ parí. Bó bá rí wáìnì gbé lọ sí Póláńdì láti Bordeaux, ó bùṣe. Bí kò bá sì fẹ́ dúró ṣe gbogbo ìyẹn ní Faransé, ó lè gba Bẹ́ljíọ̀m kọjá lófìfo, kó gbé ẹrù kan ṣoṣo nínú Bẹ́ljíọ̀m láàárín ọjọ́ 3 tó wọ ibẹ̀, bí ọjọ́ 7 kò bá tíì pé.

Ohun tí àwọn kan wá ń ṣe ni pé ọkọ̀ yóò yọjú kọjá ẹnubodè, yóò gbé ẹrù kékeré kan wọlé, òǹkà yóò tún bẹ̀rẹ̀ láti òdo. Ọkọ̀ kan lè fi ọdún kan gbáko ṣe bẹ́ẹ̀. Fún ìdí yìí, láti ọjọ́ 21 oṣù Kejì 2022, wọ́n fi ọjọ́ 4 kún un: bí ọkọ̀ bá ti ṣe cabotage tán ní ilẹ̀ kan, ọkọ̀ yẹn kò gbọdọ̀ ṣe é níbẹ̀ mọ́ títí ọjọ́ 4 yóò fi kọjá. Orí tírélà ni wọ́n ń kà, wọn kì í ka ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹni tó bá pààrọ̀ ẹ̀yìn kò bọ́ nínú rẹ̀.

Ó dà bí ohun tó rọrùn, àbí? Ẹ wá dúró ti ọlọ́pàá tó dá ọkọ̀ yẹn dúró lójú pópó. Kí ló fẹ́ fi mọ̀ pé ẹrù kẹta ni, pé kì í ṣe ẹ̀kẹrin? Ìwé ni. Òfin ní kí dẹ́rẹ́bà ní wébíìlì ẹrù tó gbé wọ ilẹ̀ yẹn lọ́wọ́, àti ti ọ̀kọ̀ọ̀kan ẹrù tó ti gbé láti ìgbà náà. Lórí ìwé kọ̀ọ̀kan, orúkọ ẹni tó fi ẹrù ránṣẹ́ gbọ́dọ̀ wà, orúkọ ẹni tó gbé e, orúkọ ẹni tó gbà á, ibi tí wọ́n ti dì í àti ọjọ́ tí wọ́n dì í, ibi tí wọ́n já a sí, ọjọ́ tí wọ́n já a pẹ̀lú ìbọ̀wọ́lùwé ẹni tó gbà á, irú ẹrù tó jẹ́, bó ti wúwo tó, àti nọ́ńbà ọkọ̀, tiwájú tẹ̀yìn. Bí ọ̀kan bá dín, àlàyé ti di ti dẹ́rẹ́bà. Ní Faransé, owó ìtanràn cabotage tí kò bófin mu lè tó 15,000 owó Yúrò. Dẹ́rẹ́bà tó gbàgbé ìwé kan sí yàrá olùdarí rẹ̀ ti rí ohun tí yóò fi ọjọ́ méjì rò.

Ẹrù kan gan-an, kí ni? Ìbéèrè tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo rẹ̀ nìyẹn, torí ó fi hàn bí ọlọ́jà ṣe máa ń wá ihò òfin. Bí dẹ́rẹ́bà bá gbé páálí ní ilé ìkẹ́rùsí mẹ́ta, tó sì já a fún oníbàárà márùn-ún, ṣé ẹrù kan ni àbí ẹrù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún? Àwọn ilé-iṣẹ́ ní ẹ̀ẹ̀kan ni kí wọ́n kà á. Dẹ́ńmákì ní rárá: o lè gbé e níbi púpọ̀ kó o já a síbì kan, o lè gbé e níbì kan kó o já a síbi púpọ̀, ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ibi púpọ̀ sí ibi púpọ̀, kì í ṣe ẹrù kan mọ́. Ìgbìmọ̀ alákòóso Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù pe Dẹ́ńmákì lẹ́jọ́ pé ó ń há ọjà mọ́ àlejò. Lóṣù Kẹrin 2018, ilé ẹjọ́ gbè sẹ́yìn Dẹ́ńmákì. Mo rò pé wọ́n ṣe dáadáa, nítorí bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹrù 3 yóò kàn di ọ̀sẹ̀ kan gbáko tí ọkọ̀ fi ń pín ọjà káàkiri ìlú.

Ìwé nìkan kò tó, torí ìwé ṣeé kọ níbikíbi. Ẹlẹ́rìí kejì ni ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní tachograph, tó máa ń wà níwájú dẹ́rẹ́bà tí í kọ iye wákàtí tó fi wakọ̀ àti èyí tó fi sinmi sílẹ̀. Tẹ́lẹ̀, dẹ́rẹ́bà fúnra rẹ̀ ni í tẹ orúkọ orílẹ̀-èdè tó wà sínú rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ parọ́ mọ ohun tí yóò tẹ̀. Àwọn kan tilẹ̀ ń lẹ mágínẹ́ẹ̀tì mọ́ ara jíà kí ẹ̀rọ lè rò pé ọkọ̀ dúró nígbà tó ń sáré. Láti oṣù Kẹjọ 2023, ọkọ̀ ńlá tuntun gbọ́dọ̀ ní irú èyí tó ń fi sátẹ́láìtì mọ ibi tó wà, tó ń kọ ọ́ sílẹ̀ fúnra rẹ̀ nígbàkigbà tí ọkọ̀ bá kọjá ẹnubodè. Ọlọ́pàá lè dúró sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, kó ka díẹ̀ nínú ohun tó wà nínú rẹ̀ bí ọkọ̀ ti ń kọjá lọ, kó tó mọ èyí tí yóò dá dúró. Ọkọ̀ àtijọ́ tó ń rìn láti orílẹ̀-èdè dé orílẹ̀-èdè náà gbọ́dọ̀ pààrọ̀ tirẹ̀. Àsìkò tí wọ́n dá fún wọn ti parí láàárín 2024 àti 2025. Ẹ wò ó dáadáa: 1998 ni wọ́n ṣílẹ̀kùn, 2023 ni wọ́n tó ní ojú tí wọ́n fi lè rí ẹni tó wọlé. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ló wà láàárín wọn.

Nínú ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n yẹn, ta ló jèrè? Ẹni tó ní ẹrù jèrè, ìyẹn kò ní àríyànjiyàn. Àwọn ilé-iṣẹ́ Póláńdì di ọ̀gá. Àwọn ni wọ́n ń ṣe cabotage jù ní gbogbo Yúróòpù, Jámánì sì ni ilẹ̀ tí wọ́n ti ń ṣe é jù. Síbẹ̀, bí a bá kó gbogbo ẹrù tí tírélà ń gbé ní Yúróòpù jọ, ti cabotage kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá. Àwọn tó ń pariwo pé àlejò ti gba gbogbo iṣẹ́ ń fẹ̀ ẹ́ lójú. Ṣùgbọ́n ìdá kékeré yẹn ló ń sọ iye tí wọ́n ó san fún ìyókù. Oníbàárà tó mọ̀ pé ọkọ̀ Lithuania kan wà ní páàkì tó ń wá ẹrù yóò rán onítírélà ìlú rẹ̀ létí rẹ̀ kí wọ́n tó dúnàá dúrà tán.

Dẹ́rẹ́bà ni kò rí bẹ́ẹ̀ jèrè. Ọkọ̀ tó ń lọ ẹnubodè dé ẹnubodè fún oṣù púpọ̀, inú rẹ̀ ni awakọ̀ ń gbé: ibẹ̀ ló ń sùn, ibẹ̀ ló ń fi sítóòfù gáàsì kékeré se oúnjẹ ní ẹ̀gbẹ́ táyà. Òfin ti ní kó máa sinmi wákàtí 45 lọ́sẹ̀, ṣùgbọ́n níbo? Ilé ẹjọ́ dáhùn lóṣù Kejìlá 2017 pé kì í ṣe nínú ọkọ̀, wọ́n sì kọ ọ́ sínú òfin ní kedere ní 2020, pa pọ̀ mọ́ pé ọ̀gá gbọ́dọ̀ ṣètò tí awakọ̀ yóò fi lè máa padà sílé ní ọ̀sẹ̀ 3 tàbí 4. Láti oṣù Kejì 2022, awakọ̀ tó bá ń ṣe cabotage gbọ́dọ̀ gba owó tó bá ti ilẹ̀ tó ti ń ṣe é mu. Bí mo bá ní kí n tọ́ka sí ibi kan ṣoṣo nínú gbogbo òfin wọ̀nyí tó lè paná ìjà, èyí ni. Àlejò lè wọ ọjà, kó má wulẹ̀ fi ebi awakọ̀ rẹ̀ wọ̀ ọ́.

Bí wọ́n ti kọ ọ́ kọ́ ni wọ́n ń ṣe é. Lóṣù Kẹta 2023, ní ibi ìsinmi ọkọ̀ kan ní Gräfenhausen, lẹ́bàá Darmstadt ní Jámánì, àwọn awakọ̀ tó lé ní 60 páàkì tírélà wọn sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà márosẹ̀, wọ́n ní àwọn kò ní kúrò. Ọmọ Georgia àti Uzbekistan ló pọ̀ jù nínú wọn, wọ́n ń ṣiṣẹ́ fún ọlọ́kọ̀ Póláńdì kan, wọ́n sì ní ó jẹ àwọn lówó oṣù. Ọ̀gá náà kó àwọn ẹ̀ṣọ́ wá lọ́jọ́ Ẹtì Rere láti fipá gba ọkọ̀ rẹ̀, pẹ̀lú ọkọ̀ tí ìbọn kì í wọ̀. Àwọn ọlọ́pàá ló dá sí i. Lẹ́yìn nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 6 ni wọ́n tó rí owó wọn gbà. Kí ọdún yẹn tó parí, àwọn mìíràn, tí wọ́n lé ní ọgọ́rùn-ún, tún ti dá iṣẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀ kan náà, títí tí àwọn kan fi ń fi ebi pa ara wọn. Kí ló dé tí ó fi jẹ́ ọmọ Uzbekistan ló ń wa ọkọ̀ Póláńdì ní Jámánì? Owó oṣù Póláńdì ti gòkè ni. Ẹni tó jẹ́ pé òun ni wọ́n ń sá fún lánàá ti di ẹni tó ń wá ẹni tí yóò gba èyí tó kéré jù tirẹ̀.

Nínú àpò òfin ti 2020 yẹn náà ni àṣẹ kan wà pé kí ọkọ̀, kì í ṣe awakọ̀ nìkan, máa padà sí orílẹ̀-èdè tí ilé-iṣẹ́ rẹ̀ wà ní ọ̀sẹ̀ 8, 8. Wọ́n fẹ́ fi mú àwọn tó kàn fi yàrá kan àti àpótí lẹ́tà ṣe ọ́fíìsì sí ibi tí owó orí kò ti wọ́n. Ó dára lẹ́nu. Àmọ́ tírélà tí kò rí ẹrù gbé bọ̀ láti Pọtogí sí Bùlùgáríà ńkọ́? Lófìfo ni yóò wá, yóò fi orúkọ sílẹ̀, yóò tún padà. Ẹ̀yin náà ti mọ iye tí ìyẹn jẹ́. Lithuania, Bùlùgáríà, Ròmáníà, Póláńdì àti àwọn mìíràn lọ sí ilé ẹjọ́ ẹgbẹ́ náà ní Luxembourg, ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹwàá 2024 ilé ẹjọ́ sì fagi lé e, pé àwọn aṣòfin kò ní ẹ̀rí tó fi hàn pé wọ́n wo ohun tí àṣẹ náà yóò fà kí wọ́n tó pa á. Ìyókù òfin náà, pẹ̀lú ọjọ́ 4 tí ọkọ̀ gbọ́dọ̀ fi dúró lẹ́yìn cabotage, ilé ẹjọ́ fi sílẹ̀ bó ti wà.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gba ọ̀nà tirẹ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n kúrò nínú ẹgbẹ́, ẹrù 2 láàárín ọjọ́ 7 ni wọ́n fi sílẹ̀ fún ọkọ̀ Yúróòpù. Oṣù Kẹsàn-án 2021 ni awakọ̀ wọ́n gógó, tí ilé epo gbẹ. Àwọn èèyàn wa tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù tí wọ́n rò pé àwọn ti bọ́ lọ́wọ́ ìlà epo rí i lẹ́ẹ̀kan sí i. Ìjọba ní kí ọkọ̀ àlejò máa gbé iye tó bá wù ú láàárín ọjọ́ 14 tó bá ti wọlé, láti ọjọ́ 28 oṣù Kẹwàá 2021 títí di ìparí oṣù Kẹrin 2022. Ẹgbẹ́ àwọn onítírélà ibẹ̀ faraya. Ohun tí mo rí fà yọ níbẹ̀ ni pé ẹnubodè tí wọ́n sé ní àkókò ọ̀pọ̀ lè ṣí lọ́jọ́ kan ṣoṣo bí ẹrù bá há. Ní Amẹ́ríkà, wọn kò tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀: ọkọ̀ Mẹ́síkò lè já ẹrù sílẹ̀ ní Texas, ó lè gbé ẹrù padà sílé, ṣùgbọ́n láti Dallas sí Houston, ti ọmọ onílé ni.

Tiwa wá ńkọ́? Ní Kútọnú, lóṣù Karùn-ún 1982, àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS fọwọ́ sí àdéhùn lórí ìrìnnà ojú ọ̀nà láàárín ara wọn. Kíkó ẹrù láti ilẹ̀ kan sí òmíràn ni wọ́n fàyè gbà. Iṣẹ́ abẹ́lé wà fún onílé. Lórí ìyẹn, àwọn orílẹ̀-èdè tí kò ní òkun bá àwọn tó ní èbúté pín ẹrù: ìdá 2 nínú 3 fún ọkọ̀ ìlú tí ẹrù ń lọ, ìdá 1 fún ọkọ̀ ìlú tó ni èbúté. Bí kọ̀ǹténà bá sọ̀ ní Kútọnú tó ń lọ sí Nìjẹ̀r, ìpín yẹn ni wọ́n ń tẹ̀ lé tẹ́lẹ̀, àwọn ọkọ̀ sì ń tò ní ìlà, ẹni tó kọ́kọ́ dé ni yóò kọ́kọ́ gbé. Ó dà bí ẹ̀tọ́. Ṣùgbọ́n ìlà kì í bi ọkọ̀ bó bá dára tàbí kò dára. Ẹni tó ra tírélà tuntun àti ẹni tí tirẹ̀ ń tu èéfín dúdú yóò jọ dúró fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, wọ́n ó sì gba iye kan náà. Kí ni èèyàn fẹ́ fi ọkọ̀ tuntun ṣe? Bí ọkọ̀ kò bá rìn, ọkọ̀ tó gbó ló bójú mu, ohun tó sì ń ṣẹlẹ̀ lójú ọ̀nà wa nìyẹn.

Teravaninthorn àti Raballand kọ̀wé kan fún Báńkì Àgbáyé ní 2009 lórí owó ìkẹ́rù ní Áfíríkà. Ohun tí wọ́n rí ni pé ìnáwó ọkọ̀ lójú ọ̀nà kọ́ ló mú kí owó ẹrù ga tó bẹ́ẹ̀ ní ìwọ̀ oòrùn àti àárín gbùngbùn Áfíríkà. Ìpín, ìlà àti àjọṣe àwọn tó di ọjà mú ni. Rwanda tú irú ìdè bẹ́ẹ̀ ká lẹ́yìn 1994, owó ìkẹ́rù ibẹ̀ sì wálẹ̀ ju ìdá 30 nínú 100 lọ. Mo mọ̀ pé Rwanda kékeré, kò sì ní èbúté; ohun tó bá a mu lè má bá Nàìjíríà mu. Ṣùgbọ́n nígbàkigbà tí mo bá gbọ́ pé àlejò ni yóò pa iṣẹ́ onítírélà wa, mo máa ń bi ara mi léèrè pé ta ló ń pa á báyìí tí àlejò kò tíì dé.

Nǹkan tún ti yí padà. Nàìjíríà ti ẹnubodè ilẹ̀ rẹ̀ láti oṣù Kẹjọ 2019 di oṣù Kejìlá 2020. Málì, Burkina Faso àti Nìjẹ̀r, tí ìpín 2 nínú 3 ń bá wí jù, jáde kúrò nínú ECOWAS lóṣù Kìíní 2025. Ní ọ̀nà mìíràn ẹ̀wẹ̀, ìrìnnà jẹ́ ọ̀kan nínú iṣẹ́ márùn-ún tí àdéhùn ọjà kan ṣoṣo fún Áfíríkà, èyí tí Nàìjíríà fọwọ́ sí ní 2019, fi síwájú. Ìjọba kọ̀ọ̀kan ni yóò kọ ohun tó fẹ́ ṣí sílẹ̀. Ẹnì kan yóò jókòó sórí àga láti kọ tiwa.

Bó bá jẹ́ èmi ni, mi ò ní kọ ẹrù 3 ní ọjọ́ 7. Ọ̀nà etíkun láti Èkó dé Àbíjáàn fẹ́rẹ̀ẹ́ má ju kìlómítà 1,000 lọ, ó sì gba orílẹ̀-èdè márùn-ún kọjá. Ọkọ̀ Èkó tó já ẹrù sílẹ̀ ní Àkúrà tó ń bọ̀ lófìfo, tó rí ọjà ní Lomé tó ń lọ sí Kútọnú, ohun tó yẹ kó kọ́kọ́ lè gbé nìyẹn. Kì í ṣe iṣẹ́ abẹ́lé ẹnikẹ́ni, ọ̀nà ilé rẹ̀ sì ni. Ẹrù kan ṣoṣo, ojú ọ̀nà àbọ̀, láàárín iye ọjọ́ tí wọ́n bá fẹnu kò sí, bí ti Yúróòpù tí ọkọ̀ lè gbé ọ̀kan ní Bẹ́ljíọ̀m kó tó délé. Bí ìyẹn bá fẹsẹ̀ múlẹ̀ fún ọdún bíi mélòó kan, a lè wá máa sọ̀rọ̀ nípa Lomé sí Sokodé, tàbí Èkó sí Kánò fún ọkọ̀ Gánà.

Kí ẹnikẹ́ni tó buwọ́ lù ú, ìwé ni kí wọ́n kọ́kọ́ ṣe. Wébíìlì tí ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ń tẹ̀ fúnra rẹ̀ lónìí kò jọra, ti Kútọnú wà ní Faransé, ti Èkó wà ní Gẹ̀ẹ́sì, aṣọ́bodè tó sì wà ní Sẹ̀mẹ̀ kò lè kà á bí ẹni pé ìwé kan ni. Fọ́ọ̀mù kan ṣoṣo fún orílẹ̀-èdè márààrún, ní èdè méjèèjì, tí ọjọ́ tí wọ́n já ẹrù àti ìbọ̀wọ́lùwé ẹni tó gbà á wà nínú rẹ̀: kò gba sátẹ́láìtì, ilé ìtẹ̀wé tó wà ní Ṣómólú lè tẹ̀ ẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀ kan.